Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe Ẹ̀kọ́ Onífídíò fún Àwọn Ọmọ Kristẹni Tó Ń Kẹ́kọ̀ọ́ Nílé

Nígbà tó fi máa di ọdún 1993, kò sí ìpínlẹ̀ kan mọ́ nínú 50 tó wà ní Amẹ́ríkà tí òfin rẹ̀ kò gba òbí láyè láti kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé. Púpọ̀ nínú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ jẹ́ Kristẹni tó fẹ́ kí ìmọ̀ ìwé àti ìgbàgbọ́ jọ máa rìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló lè kọ́ ọmọ ní áljẹ́brà tàbí kẹ́mísírì. Àlàfo yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Abeka ní Pensacola, ìpínlẹ̀ Florida, àti BJU Press ní Greenville, South Carolina, ń fi ẹ̀kọ́ onífídíò dí, láti ayé kásẹ́ẹ̀tì àti DVD títí di ayé íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹni méjì ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wà fún. Ọmọ ló ń wò ó, ṣùgbọ́n òbí ni òfin mọ̀ sí olùkọ́. Ní Pennsylvania, òbí gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọmọ kẹ́kọ̀ọ́ fún 180 ọjọ́, tàbí fún 900 wákàtí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti 990 wákàtí ní girama, kí ó sì kó iṣẹ́ ọmọ náà jọ fún ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Texas, kò sí ẹni tó ń béèrè irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kámẹ́rà, ìwé ètò ọdún kan ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, tó sọ ohun tí ọmọ yóò kọ́ lójoojúmọ́, bí yóò ti pẹ́ tó, àti ohun tí òbí lè tọ́jú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ yóò sọ ló kàn, kò sì sí ibi tí iṣẹ́ pọ̀ tó ibẹ̀. Olùkọ́ inú fídíò kò rí ojú ọmọ, kò sì lè mọ̀ bóyá ó yé e, nítorí náà akọ̀wé, ìyẹn ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ yóò sọ, ló gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí ọmọ yóò ti ṣì í. Bí ẹ̀kọ́ bá dá lórí 1/4 + 1/3, ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 10 yóò ro òkè pọ̀ mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, wọn yóò sì kọ 2/7. Akọ̀wé tó mọṣẹ́ yóò ní kí ọmọ dá fídíò dúró, kí ó ṣe é fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ yóò gbé 2/7 náà jáde, yóò fi hàn pé ó kéré sí 1/3 tí a ti ní tẹ́lẹ̀, kí ó tó mú ọmọ lọ sí 3/12 àti 4/12, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 7/12. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 lórí fídíò ẹ̀kọ́ edX, ìkànnì ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fi hàn pé èyí tí kò ju ìṣẹ́jú 6 lọ ló ń fa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ra jù, àgbàlagbà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ọmọdé.

Bí ìgbàgbọ́ ṣe máa wọnú ẹ̀kọ́ kò rọrùn bí àwọn kan ṣe rò. Bí wọ́n bá kàn lẹ ẹsẹ Bíbélì mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò, tí wọn kò sì tún yà síbẹ̀ mọ́, ọmọ yóò mọ̀ pé àlẹ̀mọ́ ni. Nínú ìtàn, nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ Martin Luther, tó bẹ̀rẹ̀ Àtúnṣe Ìjọ, ní Wittenberg ní Jámánì ní 1517, ìgbàgbọ́ ni kókó ọ̀rọ̀ gan-an. Ní ti sáyẹ́ǹsì, àwọn kan ń kọ́ni pé ọjọ́ orí ayé kò ju ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan lọ, àwọn Kristẹni mìíràn sì gbà pé ó tó bílíọ̀nù ọdún. Ibi tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀kọ́ náà dúró sí gbọ́dọ̀ hàn sí òbí kó tó sanwó. Wọ́n tún ń ka iye ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n lò. Ẹnikẹ́ni ló lè lo Bíbélì King James lọ́fẹ̀ẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwọn tó ni NIV, ìtumọ̀ Bíbélì òde òní kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò gbà kí ó ju ẹsẹ 500 lọ láìgbàṣẹ, kí ó má sì jẹ́ odindi ìwé kan nínú Bíbélì, kí ó má sì tó ìdá 25 nínú 100 iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ya fídíò, ọ̀rọ̀ á máa yí lọ lórí gíláàsì tó wà níwájú lẹ́ńsì, kí ojú olùkọ́ má baà kúrò lára ọmọ. Wọ́n á pa ẹ̀rọ amúlétutù nítorí ariwo rẹ̀, bó ti wù kí iná ṣe mú tó. Wọ́n á sì ya fọ́tò aṣọ, irun àti ibi tí iná wà, torí pé bí àṣìṣe bá yọjú lẹ́yìn oṣù kan, gbólóhùn tí wọ́n tún yà gbọ́dọ̀ bá ti àtẹ̀yìnwá mu.

Lẹ́yìn tí olóòtú bá ti gé e, tó sì ti fi àwòrán àti àkọlé sí i, ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ yóò jókòó ti fídíò náà pẹ̀lú pẹ́ńsù àti ìwé, yóò ṣe gbogbo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, yóò sì fi wé ìwé ìdáhùn tí òbí yóò lò. Ọ̀kan nínú àwọn àṣìṣe tó lè wáyé ni kí ẹnu olùkọ́ sọ òǹkà kan, kí ojú fídíò gbé òmíràn. Orúkọ òbí ni wọ́n fi ń ṣí àkáǹtì, torí pé òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1998 kò gbà kí wọ́n gba ìsọfúnni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí àṣẹ òbí rẹ̀.

Bí òbí kan bá rí àṣìṣe lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ ti jáde, wọ́n lè tún ìwé iṣẹ́ ṣe kíákíá. Ti fídíò kò rí bẹ́ẹ̀: àkíyèsí ni wọ́n sábà máa ń kọ sísàlẹ̀ rẹ̀, títí di ìgbà tí wọ́n bá tún ẹ̀kọ́ náà yà.