Bí Wọ́n Ṣe Ń Díye Lé Iṣẹ́ Ọnà Inú Ilé Nítorí Ètò Ogún ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé àti owó báńkì nìkan kọ́ ni ìjọba ń kà mọ́ dúkìá olóògbé. Ìkòkò tíì onífàdákà, aago ara ògiri, àwo tánganran àti ère ìbejì tí ẹbí kan gbé wá láti Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí àpapọ̀ dúkìá bá ju £325,000 lọ, ìdá 40 nínú 100 ohun tó lé ni owó orí ogún sábà máa ń jẹ́, yàtọ̀ sí ohun tí tọkọtaya bá fi sílẹ̀ fún ara wọn. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí ẹni tó ń ṣètò ogún rẹ̀ pe onímọ̀ ìdíyelé nígbà tó ṣì wà láàyè.

Ohun tí onímọ̀ náà kọ́kọ́ máa ń béèrè ni ìdí tí wọ́n fi fẹ́ mọ iye, nítorí ohun kan ṣoṣo lè ní iye méjì. Iye ti adójútòfò ni owó tí ènìyàn yóò ná kí ó tó rí irú rẹ̀ rà ní ṣọ́ọ̀bù bí olè bá gbé e lọ. Iye ti owó orí ogún, gẹ́gẹ́ bí òfin 1984 ṣe là á sílẹ̀, ni owó tí ìbá pa ní gbangba ọjà lọ́jọ́ tí olówó rẹ̀ kú, òfin náà kò sì gbà kí wọ́n dín in kù nítorí pé gbogbo ẹrù jọ dé ọjà lẹ́ẹ̀kan náà. Ti adójútòfò ló sábà máa ń ga jù. Ẹni tó bá fi í ránṣẹ́ sí HMRC, àjọ ìjọba tó ń gba owó orí, lè san owó tí kò tọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀. Yóò dojú ìkòkò tíì náà dé, yóò sì fi díńgí tí ń sọ nǹkan di ńlá wo àwọn òǹtẹ̀ abẹ́ rẹ̀: kìnnìún tó ń rìn fi hàn pé fàdákà inú rẹ̀ pé ìdá 92.5 nínú 100, orí ẹkùn ń tọ́ka sí Lọ́ńdọ̀nù, ìdákọ̀ró ń tọ́ka sí Birmingham, lẹ́tà kan sì ń sọ ọdún. Yóò mí èémí sí ara rẹ̀, kí ó lè rí ibi tí wọ́n ti ha àmì ẹbí ìjelòó kúrò, nítorí fàdákà ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́, iye rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Òrùka eyín erin kékeré lè wà lára ọwọ́ rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ó gbóná. Òfin eyín erin ti 2018, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti jogún rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè tà á, ó gbọ́dọ̀ ti wà ṣáájú 1947, eyín erin inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó ìdá 10 nínú 100, wọ́n sì gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ti ère ìbejì yàtọ̀. Osùn tó ti dì sínú kọ̀rọ̀ ara rẹ̀, wájì orí irun, ojú tí wíwẹ̀ àti bíbọ́ ti mú kí ó dán, àti ilà tó ń sọ ìlú tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ, ni yóò wò. Àwọn tuntun tí wọ́n fi èéfín sọ di ògbólógbòó pọ̀ lọ́jà. Àwòrán àtijọ́, rìsíìtì tàbí lẹ́tà tó ń sọ ìgbà tí ère náà kúrò nílé ṣe pàtàkì gan-an, nítorí láti 1953 ni òfin Nàìjíríà ti ń béèrè ìwé àṣẹ kí irú nǹkan àtijọ́ bẹ́ẹ̀ tó jáde. Ó dunni pé irú ìtàn yìí ni àgbà sábà máa ń gbé wọ sàárè láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìwé tí onímọ̀ náà yóò fi sílẹ̀ máa ń ní àwòrán, ìwọ̀n, àbùkù, àti iye tí irú ohun bẹ́ẹ̀ pa ní gbàǹjo láìpẹ́. Ó sàn kí wọ́n san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún wákàtí tó lò, kí ó má sì jẹ́ ẹni tó ń wá ọ̀nà àtira ẹrù náà.

Ìwé yìí ni yóò jẹ́ kí onílé mọ ohun tí yóò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àga mẹ́fà tó jọra máa ń pàdánù iye bí wọ́n bá pín in sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀bùn tí ènìyàn yọ̀ǹda pátápátá nígbà ayé rẹ̀ máa ń bọ́ lọ́wọ́ owó orí bí ẹni náà bá lo ọdún 7 sí i láyé, ṣùgbọ́n bí ère tó fún ọmọ rẹ̀ bá ṣì wà ní pálọ̀ òun fúnra rẹ̀, ara dúkìá rẹ̀ ni wọ́n ṣì máa kà á sí. Bí ó bá kú, wọ́n á tún díye lé gbogbo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjà ṣe rí lọ́jọ́ ikú rẹ̀, owó orí sì gbọ́dọ̀ wọlé kí oṣù kẹfà lẹ́yìn oṣù tó kú tó parí.