Ta Ló Ń Ka Ohun Tí Ọmọ Yín Ń Kọ ní Yunifásítì?

Ìyá kan tí ó ń ta gàrí ní ọjà Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, pè mí sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ọdún 4 ní yunifásítì, èsì rẹ̀ sì dára lójú ìwé. Ìyá yìí ní kí ó bá òun kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí òun wà, kí wọ́n lè yá òun lówó kún ọjà. Ọmọ náà jókòó ti bébà láti àárọ̀ di ọ̀sán, ohun tí ó sì kọ kò ṣe é mú jáde láàárín àwọn àgbà ẹgbẹ́. "Dókítà," ni ìyá náà wí, "ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀ gan-an?" Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní yunifásítì, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni ìbéèrè yìí ń jẹ lọ́kàn.

Èsì tí mo fún un ni pé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, àtúnṣe ni kò sí.

Ẹni tí ó bá ti fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ híhun yóò tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọṣẹ́ yóò hun ún, ọ̀gá yóò wò ó, yóò ní kí ó tú u. Ọmọṣẹ́ yóò tún un hun, ọ̀gá yóò tún fi ìka han ibi tí òwú ti dẹ̀ àti ibi tí ó ti le jù. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni ọ̀gá ń fi ojoojúmọ́ ṣàlàyé aṣọ òkè, tí kò wo èyí tí ọmọṣẹ́ hun rí, ọjọ́ òmìnira yóò pé, wọn yóò pa ẹran, wọn yóò ya fọ́tò, ọmọ náà kò sì ní mọ aṣọ hun. Ìmọ̀ yunifásítì kò yàtọ̀ sí èyí. Ohun tí dìgírì ń jẹ́rìí sí ni pé àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ti yẹ èrò àti ìkọ̀wé ọmọ yìí wò léraléra, wọ́n sì ti bá a tún un ṣe títí ó fi gún.

Àjọ NUC, tí ó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì wa, mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ìlànà rẹ̀ fi là á sílẹ̀ pé olùkọ́ 1 ni kí ó wà fún akẹ́kọ̀ọ́ 10 nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn, 15 nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, 20 nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, àti 30 nínú ẹ̀kọ́ èdè, ìtàn àti irú wọn. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 30 bá kọ àròkọ olójú-ewé 3 lẹ́ẹ̀méjì ní sáà kan, ojú ewé 180 ni olùkọ́ yóò kà, yóò sì ráyè kọ èrò rẹ̀ sí etí ìwé. Bí wọ́n bá di 400 nínú gbọ̀ngàn kan, ojú ewé 2,400 ni, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ kan náà tún ń kọ́ àwọn kíláàsì mìíràn. Kí ni yóò ṣe? Yóò fún wọn ní ìbéèrè tí a kàn ń mú ìdáhùn nínú mẹ́rin, kí kọ̀ǹpútà bá a máàkì rẹ̀, tàbí kí ó máa béèrè ohun tí ó pè fún wọn kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò wá há a sórí, yóò dà á sórí bébà, yóò sì gbàgbé rẹ̀. Báyìí ni ọmọ ṣe lè lo ọdún 4 láìkọ ojú ewé 3 tí ó jẹ́ èrò ara rẹ̀ kí ẹnì kan sì kà á dójú àmì.

N kò sọ èyí láti fi kẹ́gàn àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa, nítorí ilẹ̀ wa ti fi nǹkan ńlá sínú ìwé. Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School ti wà láti ọdún 1913. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni ó ṣáájú ìjọba tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Táí Ṣólàárín dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ kan náà. Yunifásítì dé Àgọ́-Ìwòyè ní 1982, ó dé Ìlíṣàn ní 1999, ó dé Ìjàgun ní 2005. Ẹni tí ó bá rántí ìgbà tí ó jẹ́ pé Ìbàdàn nìkan ni a lè rán ọmọ lọ kò ní fẹ́ kí ìgbà yẹn padà.

Ìṣòro ni pé iye ọmọ tí ń wọlé ń yára ju iye olùkọ́ tí a ń gbà lọ, àwọn tí a sì ti kọ́ tán ń lọ sí Kánádà àti ìlú Ọba. Ìyanṣẹ́lódì tún dá kún un. Èyí tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé ọdún 2022 kò parí títí di ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà. N kò dá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́bi pé wọ́n béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá wọlé padà, tí a sì fún iṣẹ́ oṣù púpọ̀ pọ̀ sínú ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àròkọ tí à ń gbà wọlé tí a sì ń dá padà ni a kọ́kọ́ ń yọ kúrò. Owó TETFund, àpò ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba, ń kọ́ gbọ̀ngàn, ó sì ń rán olùkọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i, mo dúpẹ́ fún un. Gbọ̀ngàn ńlá kì í ka ìwé akẹ́kọ̀ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù ni iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá tí àwọn ọmọ ń pè ní pírọ́jẹ́ẹ̀tì. Wọ́n pè mí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan láti wá yẹ iṣẹ́ àwọn tí ó ń jáde wò. Nínú ọ̀kan, orí kìíní sọ pé Ṣágámù ni wọ́n ti ṣe ìwádìí, orí kẹta ní Kàdúná ni. Ẹnì kan ti rà á ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, ó yí orúkọ ìlú padà níbì kan, ó gbàgbé ibi kejì. Ìbuwọ́lù olùkọ́ tí ó jẹ́ alábòójútó iṣẹ́ náà wà lójú ewé kejì, ó dúdú kedere. Ọmọ náà jẹ̀bi, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti ní kí ó mú orí kìíní wá kí ó tó kọ orí kejì, kò ní ráyè ra odidi ìwé. Ní báyìí tí ChatGPT, ètò kọ̀ǹpútà tí ń bá ènìyàn kọ̀wé, lè kọ orí márààrún láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bíbéèrè iṣẹ́ ní díẹ̀díẹ̀ lójúkojú ni ààbò tí ó kù.

Nítorí náà, kí ẹ tó san owó ilé ẹ̀kọ́, ẹ má jẹ́ kí géètì àti ilé alájà púpọ̀ nìkan wọ̀ yín lójú. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀kọ́ tí ọmọ yín fẹ́ kà gan-an ní ìfọwọ́sí NUC, nítorí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ̀ wò: ìfọwọ́sí kíkún wà fún ọdún 5, èyí tí ó ní àtúnṣe nínú wà fún ọdún 2. Ẹ béèrè iye ọmọ tí ó wà ní kíláàsì ọdún kìíní àti iye olùkọ́ tí ó wà ní ẹ̀ka náà. Bí ọmọ bá sì wálé fún ìsinmi, ẹ má wo èsì nìkan. Ẹ ní kí ó mú iṣẹ́ kan wá tí olùkọ́ fi bírò kọ nǹkan sí.

Bí ó bá dé ọdún tí ó kẹ́yìn, ẹ béèrè orúkọ alábòójútó rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n rí ara wọn kẹ́yìn. Bí sáà kìíní bá ń parí lọ tí alábòójútó kò tíì rí orí kan, ẹ ní kí ọmọ náà kọ̀wé sí olórí ẹ̀ka ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, nígbà tí àyè ṣì wà láti yan ẹlòmíràn fún un.