Bí Ayàwòrán Ṣe Ń Kun Abúlé Tó Ń Dahoro

Igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbé rí kì í jọ ahoro. Kí ibì kan tó lè jọ ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú àwòrán, ó gbọ́dọ̀ hàn pé àwọn ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí: òrùlé tó ti tẹ̀ láàrin, ilẹ̀kùn tó ti yẹ̀ nídìí, ipa ọ̀nà tí koríko ń bò láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn àwọn tó lọ ni ayàwòrán ń kùn, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ló sì máa ń yàn. Bó bá kó gbogbo ògiri tó wó àti gbogbo fèrèsé tó fọ́ síbẹ̀, àwòrán náà á di ààtàn, ojú kò ní rí ibi gúnlẹ̀ sí.

Yíyọ nǹkan kúrò ló le jù nínú iṣẹ́ yìí. Láàrin ọdún 1808 sí 1810, Caspar David Friedrich, ọmọ Jámánì, ya mọ́ǹkì kan, ọkùnrin tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìsìn, tó dá dúró létí òkun. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú ènìyàn kò lè rí, wo abẹ́ ọ̀dà náà, wọ́n rí i pé ó ti kọ́kọ́ fa àwọn ọkọ̀ ojú omi síbẹ̀ kó tó yọ wọ́n. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò kéré o: níbi tí ọkọ̀ bá wà, ènìyàn wà nínú rẹ̀, ó sì ní ibi tó ń lọ. Bí wọ́n ṣe kúrò, mọ́ǹkì náà kò ní ẹnìkejì mọ́.

Bí ènìyàn ṣe tóbi tó, àti àlàfo tó yí i ká, náà ń ṣiṣẹ́. Nínú Christina's World, tí Andrew Wyeth, ọmọ Amẹ́ríkà, yà ní 1948, obìnrin kan wà nílẹ̀ láàrin koríko, ó kẹ̀yìn sí wa, ilé oko kan sì wà lókè lọ́hùn-ún. Ilé náà wà lóòótọ́ ní Cushing, ní ìpínlẹ̀ Maine, ṣùgbọ́n nínú àwòrán, Wyeth mú abà rẹ̀ jìnnà sí ilé náà, ó sì yí bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí padà. A kò rí ojú obìnrin náà, nítorí náà ibi tó ń wò làwa náà ń wò.

Ní ti àwọ̀, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ni olùkọ́. Afẹ́fẹ́ máa ń tú ìmọ́lẹ̀ búlúù ká ju ti pupa lọ, ìdí nìyẹn tí òkè tó jìnnà fi máa ń rí bíi búlúù, tí àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, tí etí rẹ̀ kò sì ní mú. Leonardo da Vinci, ayàwòrán ọmọ Ítálì, ti kọ nípa èyí tipẹ́. Ọgbọ́n tó dára jù, lójú tèmi, ni kí ayàwòrán lo àwọ̀ òkèèrè yìí fún ilé tó wà nítòsí. Ilé náà á wà níwájú wa, síbẹ̀ á jọ pé ó ti ń lọ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi dúdú pa àwọ̀ kó lè ṣá, àwòrán á sì dọ̀tí. Ó sàn kí wọ́n po pupa díẹ̀ mọ́ àwọ̀ ewé: ọ̀kan á pa agbára èkejì, yóò sì di àwọ̀ eérú tó ṣì ní ẹ̀mí.

Irú ọ̀dà náà ní ipa tirẹ̀. Ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ. Ó ń fa ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́ ni, ó sì ń le díẹ̀díẹ̀, nítorí náà èyí tí wọ́n kùn sókè gbọ́dọ̀ ní òróró ju ti ìsàlẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á sán. Bó ṣe ń pẹ́ kó tó gbẹ yìí máa ń jẹ́ kó rọrùn láti kun ìkùukùu. Pupa ẹyin ni Wyeth fi po ọ̀dà tirẹ̀. Kíá nìyẹn máa ń gbẹ, kò sí àyè láti fi búrọ́ọ̀ṣì rọra pò ó mọ́ra lójú àwòrán, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi fà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí koríko inú àwòrán rẹ̀ fi ṣeé rí níkọ̀ọ̀kan.

Tó bá kù díẹ̀ kí iṣẹ́ parí, kí ayàwòrán fi àtàńpàkò bo ènìyàn tó wà nínú àwòrán náà, kó tún un wò. Bí kò bá sí ohun tó yí padà, ẹni yẹn kò wúlò níbẹ̀, ọ̀dà ni kó fi pa á rẹ́.