Bí wọ́n ṣe ń yan awò fún ráífù ọ̀pá kúkúrú

Kí èèyàn tó béèrè iye tí awò ìbọn jẹ́, ìyẹn gíláàsì orí ìbọn tí wọ́n fi ń wo àmì, kó kọ́kọ́ wo ọ̀pá ìbọn tó fẹ́ gbé e lé, torí ọ̀pá yẹn ló máa sọ irú awò tó yẹ ẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn, wọ́n á kówó lé awò ńlá tó ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra, wọ́n á wá gbé e lé ìbọn tí wọ́n ṣe fún itòsí.

Ní Amẹ́ríkà tí ráífù ọ̀pá kúkúrú ti wọ́pọ̀ jù, òfin ló sọ ohun tó ń jẹ́ kúkúrú. National Firearms Act ti 1934 sọ pé ráífù tí ọ̀pá ẹ̀ ò bá tó ínṣì 16, tàbí tí gbogbo gígùn ẹ̀ ò bá tó ínṣì 26, SBR ni, ìyẹn ráífù ọ̀pá kúkúrú, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe é fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ATF, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀ràn ìbọn, kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Dọ́là 200 ni wọ́n ń san tẹ́lẹ̀, látìgbà tí 2026 ti wọlé ó ti di òdo, àmọ́ owó nìkan ló kúrò o, ìforúkọsílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí, àwọn ìpínlẹ̀ kan ò sì gbà á rárá.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni irú AR-15 tó ń yin ọta 5.56, ọ̀pá ẹ̀ á jẹ́ ínṣì 10.5, 11.5 tàbí 12.5. Ọ̀pá ínṣì 20 ni wọ́n ń lò fún ọta yìí níbẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ ló ti ń jáde pẹ̀lú eré tó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 3,000 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Tí ọ̀pá bá wá di 10.5, ẹ̀tù ò ní ráyè jó tán kí ọta tó jáde, èyí tó kù á máa jó lẹ́nu ìbọn níta, ìdí nìyẹn tí iná àti ariwo ẹ̀ fi ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, eré ọta náà á sì já wálẹ̀ sí bíi 2,700. Eré sì ni gbogbo agbára ọta kékeré yìí. Àwọn kan á ní ọ̀pá kúkúrú kì í bá àmì. Irọ́ ni. Ọ̀pá kúkúrú máa ń gan ju èyí tó gùn lọ, kì í mì tó o, ó lè kó ọta jọ sójú kan dáadáa, ibi tí ọta lè dé pẹ̀lú agbára ló sún mọ́ wálé.

Tó bá jẹ́ inú ilé títí dé bíi yáàdì 100 ni iṣẹ́ ìbọn náà, awò tí kì í sọ nǹkan di ńlá ló tó, red dot lèyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: iná LED tín-ín-rín kan wà lẹ́yìn awò náà, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ síwájú sára gíláàsì tí wọ́n tẹ̀ kọdọrọ, tí wọ́n sì kun nǹkan sí lára tó jẹ́ pé àwọ̀ pupa nìkan ló ń dá padà, ìyókù ìmọ́lẹ̀ á kọjá lọ. Bí wọ́n ṣe tẹ gíláàsì yẹn ló ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó padà wá sójú wá ní tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú á wá máa rí dọ́ọ̀tì yẹn bíi pé ọ̀hún lọ́nà jíjìn ló wà, lára àmì fúnra ẹ̀. Kì í tan pupa sára àmì o, bíi ti lésà.

Àǹfààní ẹ̀ pọ̀ gan-an. Ọdẹ tó ń fi irin orí ìbọn wo ẹran, nǹkan mẹ́ta ló ń tò pọ̀, irin ẹ̀yìn, irin iwájú àti ẹran fúnra ẹ̀, ojú ò sì lè rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kedere lẹ́ẹ̀kan náà, ló bá máa di ojú kan. Red dot ò fẹ́ ìyẹn. Ojú méjèèjì á là sílẹ̀, àmì lèèyàn á máa wò, dọ́ọ̀tì á kàn wá bá a níbẹ̀. Aimpoint ti Sweden ló gbé irú ẹ̀ jáde ní 1975, nígbà tó sì yá àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà á wọlé.

MOA ni wọ́n fi ń wọn bí dọ́ọ̀tì ṣe tóbi tó, 1 MOA jẹ́ bíi ínṣì kan ní yáàdì 100, torí náà dọ́ọ̀tì 2 MOA á bo ínṣì 2 níbẹ̀. 2 yìí dáa fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Bátìrì náà ṣe pàtàkì, Aimpoint T-2 máa ń lo wákàtí 50,000 lórí bátìrì pẹlẹbẹ kan ṣoṣo, ìyẹn ju ọdún márùn-ún lọ láìpa á. Awò EOTech ò rí bẹ́ẹ̀, lésà ló fi ń tan ìmọ́lẹ̀ sí àwòrán tí wọ́n ti gbà sínú gíláàsì, lésà sì ń jẹ iná, nǹkan bíi wákàtí 600 sí 1,000 ni tiẹ̀. Àmọ́ òrùka ńlá tó wà nínú ẹ̀ tó yí dọ́ọ̀tì ká máa ń yára mú ojú, àwọn tó ń lò ó ò sì fẹ́ fi í sílẹ̀.

Nǹkan kan wà tí wọn kì í sọ fáwọn tó ń rà á. Ẹni tí ojú ẹ̀ ní astigmatism, ìyẹn ojú tí kò tẹ̀ dọ́gba, ò ní rí dọ́ọ̀tì róbótó, á rí i bí ìràwọ̀ tàbí bí nǹkan tó fà gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wá máa rò pé awò ló bàjẹ́. Kó fi fóònù ya dọ́ọ̀tì náà látinú awò, tó bá rí róbótó nínú fọ́tò, a jẹ́ pé ojú ẹ̀ ni. Awò oní-prism ló máa ń ran irú wọn lọ́wọ́, torí inú gíláàsì gan-an ni wọ́n fín àmì ẹ̀ sí, kódà kí bátìrì kú, á ṣì hàn. Kìkì pé ojú gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, ACOG 4x32 ti Trijicon, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, fẹ́ kí ojú wà ní bíi ínṣì kan àtààbọ̀ sí i, ìyẹn sì le fẹ́ni tó bá wọ ìbòjú tàbí tó ń sá kiri.

Gíga awò ló yẹ káwọn èèyàn fara balẹ̀ kọ́ jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Lórí AR, ojú tí èèyàn fi ń wò máa ń ga ju ihò ọ̀pá lọ ní bíi ínṣì 2.6. Tí wọ́n bá ṣe zero ẹ̀ sí yáàdì 50, ìyẹn ni pé wọ́n tún awò ṣe kí ọta máa bá ojú dọ́ọ̀tì níbẹ̀, tí wọ́n wá yìn ín ní yáàdì 7 nínú yàrá, ọta á balẹ̀ ní ínṣì méjì àti díẹ̀ nísàlẹ̀ dọ́ọ̀tì, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, awò ò ṣe nǹkan kan. Ohun tó burú jùyẹn ni pé ojú lè ti rí àmì kọjá lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò tàbí etí ògiri, kí ẹnu ìbọn ṣì wà nísàlẹ̀ tó kọjú sí nǹkan tó wà níwájú ẹ̀. Báwọn èèyàn sì ṣe ń lo ìdúró awò gíga báyìí, ìyẹn irin tó gbé awò dúró lórí ìbọn, tó jẹ́ ínṣì 1.93 tàbí 2.26, kí ọrùn má bàa dùn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo yẹn ń fẹ̀ sí i. Wọ́n tún máa ń sọ pé zero 50 á padà bá àmì ní 200. Ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ṣe ìṣirò yẹn, ọta tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ látinú 10.5 á ti já wálẹ̀ kó tó débẹ̀, àfi kéèyàn lọ yìn ín wò fúnra ẹ̀ ní pápá.

Awò 1-6x, tó lè sọ nǹkan di ńlá láti ìlọ́po kan dé mẹ́fà, ńkọ́? Ó dáa, lórí ọ̀pá ínṣì 14.5 tí èèyàn fẹ́ fi dé yáàdì 300 ó tiẹ̀ dáa gan-an. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìdúró ẹ̀ ó lè wúwo tó pọ́ùn kan àtààbọ̀, T-2 fúnra ẹ̀ ò ju bíi gíráàmù 84 lọ, kí wá ni wọ́n gé ọ̀pá sí tó bá jẹ́ pé orí ìbọn náà ni wọ́n máa dá ẹrù padà sí? Ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀nà jíjìn díẹ̀ lè gbé awò 3x tó ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́yìn red dot ẹ̀. Dọ́ọ̀tì á tóbi lójú lóòótọ́, àmọ́ iye ibi tó ń bò lára àmì ò ní yí padà, torí àmì náà ti tóbi pẹ̀lú ẹ̀.

Ọ̀pá kúkúrú tún máa ń dọ̀tí awò. Gáàsì àti èéfín tó ń tú lẹ́nu ìbọn ò jìnnà sí gíláàsì iwájú, tí suppressor, ohun tó ń dín ariwo ìbọn kù, bá tún wà níbẹ̀, òmíràn á máa padà wá sójú ẹni tó ń yìn ín. Red dot tí LED ẹ̀ wà ní gbangba, ẹ̀kán omi òjò kan tàbí eruku lè bo iná náà, dọ́ọ̀tì á pòórá, torí náà èyí tí wọ́n dé pa ló bá irú ìbọn yìí mu jù. Tó bá wá di orí síkúrúù, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dè é dé ìwọ̀n tí ìwé ẹ̀ sọ, kí wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí síkúrúù bọ́ sára ìdúró. Lọ́jọ́ tí ìlà yẹn ò bá bára mu mọ́, síkúrúù ti yí, kí wọ́n tún un dè kí wọ́n sì tún zero ẹ̀ ṣe kó tó di pé wọ́n gbára lé e.