Ṣé obìnrin inú ìgbìmọ̀ olùdarí ló ń mú ilé-iṣẹ́ jèrè?

Ìbéèrè: Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tí obìnrin pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ olùdarí rẹ̀ ń jèrè ju àwọn tó kù lọ. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ ṣọ́ra. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí owó ti ń wọlé fún tẹ́lẹ̀, tí gbogbo ayé ń wò, ló sábà máa ń tètè fi obìnrin sípò. Èrè lè ti wà nílẹ̀ kí obìnrin tó dé.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ nígbà náà?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká lọ sí Nọ́wè. Ní oṣù kejì ọdún 2002, Ansgar Gabrielsen, mínísítà ìṣòwò, sọ fún ìwé ìròyìn VG pé òun fẹ́ kí obìnrin tó ìdá 40 nínú 100 nínú ìgbìmọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. (Ọmọ ẹgbẹ́ Høyre ni, ẹgbẹ́ tó máa ń gbè sẹ́yìn àwọn oníṣòwò!) Òfin jáde ní 2003. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń fà á nílẹ̀, ìjọba sọ ọ́ di dandan: èyí tí kò bá tíì ṣe é nígbà tí 2008 bá wọlé, wọ́n lè tú u ká. Olówó àti onígbèsè, gbogbo wọn ló kàn, nítorí náà kì í ṣe èrè tó wà nílẹ̀ ló mú kí wọ́n yan obìnrin.

Ìbéèrè: Kí ló wá ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti yapa. Ní 2012, Kenneth Ahern àti Amy Dittmar kọ ọ́ pé iye owó ṣíà (ìpín ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà) já wálẹ̀ nígbà tí ìròyìn òfin náà jáde, àti pé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn kéré lọ́jọ́ orí, wọn ò sì tíì nírìírí púpọ̀. Espen Eckbo, Knut Nygaard àti Karin Thorburn tún ìṣirò náà ṣe, wọn ò rí ìpalára kan tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà. Ṣíà inú ọjà kan náà máa ń gòkè, máa ń sọ̀ pọ̀ ni. Bí ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ bá já wálẹ̀ lọ́jọ́ kan, a ò lè kà wọ́n sí ọgọ́rùn-ún ẹlẹ́rìí. Ohun kan ṣoṣo lè ti fà gbogbo wọn.

Ìbéèrè: Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ti Eckbo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo fara mọ́. Ṣùgbọ́n pé òfin ò pa ilé-iṣẹ́ lára kò sọ pé ó bu èrè kún un.

Ìbéèrè: Ṣé obìnrin ò wá yí nǹkan kan padà ni?

Ìdáhùn: Ó yí i padà o! Ní Amẹ́ríkà, Renée Adams àti Daniel Ferreira rí i ní 2009 pé obìnrin kì í sábà pa ìpàdé jẹ bí ọkùnrin, pé àwọn ọkùnrin pàápàá ń wá déédéé níbi tí obìnrin bá wà, àti pé ọ̀gá tí ṣíà rẹ̀ ń já wálẹ̀ tètè ń pàdánù ipò rẹ̀ níbẹ̀. Èyí wúlò níbi tí ìṣọ́ tí ìgbìmọ̀ ń ṣọ́ ọ̀gá ti dẹ̀. Níbi tí ìṣọ́ ti le tẹ́lẹ̀, àṣejù ni, ó sì lè dín èrè kù.