Wọ́n fẹ́ kọ́ gáréèjì bọ́ọ̀sì iléèwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín: ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè

Ìgbìmọ̀ iléèwé ra ilẹ̀ kan lẹ́yìn ilé àwọn èèyàn, wọ́n ní ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì 40 tó ń kó ọmọ lọ síléèwé yóò máa sùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àdúgbò ti pín sí méjì. Àwọn ìbéèrè tó máa ń jáde nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni mo kó jọ síbí. Kí n tètè sọ tẹnu mi: kì í ṣe iye bọ́ọ̀sì ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ yín lógún, aago tí wọ́n á máa fi jáde ni.

Bọ́ọ̀sì 40! Ṣé ariwo wọn kò ní di ìlọ́po 40 ti ẹyọ kan?

Rárá, etí kì í ṣírò bẹ́ẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì mẹ́wàá bá ń dún pọ̀, decibel 10 (decibel ni wọ́n fi ń wọn ariwo) ni wọ́n fi ju ẹyọ kan lọ, létí èèyàn sì rèé, bí ìlọ́po méjì ló ṣe máa rí. Ogójì á dún bí ìlọ́po mẹ́ta.

Àmọ́ kùùkùù ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń jí èèyàn lójú oorun, ohun tó bá ṣàdédé dún ni. Ẹ wo awakọ̀ kan ní aago márùn-ún ìdájí. Ó tan gbogbo iná ọkọ̀, ó rìn yí i ká, ó ṣí ilẹ̀kùn pàjáwìrì tó wà lẹ́yìn, aago ìkìlọ̀ rẹ̀ ké. Ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ bíréèkì léraléra, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tú jáde, fììì. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé kó fo àyẹ̀wò yìí o, ọmọ ló fẹ́ lọ gbé. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá fi ẹ̀yìn rìn jáde: píì, píì, píì. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ku mọ́kàndínlógójì.

Píì-píì yẹn ní oògùn, oògùn náà kò sì wọ́n. Kí ọkọ̀ fi ẹ̀yìn wọ àyè rẹ̀ lọ́sàn-án, nígbà tí gbogbo èèyàn ti jí, kó lè kọjú jáde láàárọ̀. Irú aago mìíràn tún wà tó ń dún ṣáá-ṣáá dípò píì: ẹni tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ á gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní rìn jìnnà kó tó pòórá.

(Ìdájí ni àsìkò bọ́ọ̀sì iléèwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Frank Cyr, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ẹ̀kọ́, pe ìpàdé sí Yunifásítì Columbia ní New York lọ́dún 1939, wọ́n yan àwọ̀ ìyeyè tí a mọ̀ mọ́ bọ́ọ̀sì náà nítorí pé lẹ́tà dúdú tí wọ́n bá kọ lé e máa ń hàn kedere nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán.)

Wọ́n láwọn máa gbin igi yí i ká. Ṣé ìyẹn tó?

Igi dára lójú, ó tán. Ìlà igi kan ṣoṣo kò lè dá ariwo dúró, àárín ewé ni yóò gbà kọjá. Ògiri tí kò ní ihò, tó ga débi pé ẹ kò ní rí ẹ́ńjìnnì láti ojú fèrèsé yàrá yín, ìyẹn ló ń ṣiṣẹ́. Jíjìnnà náà ń ṣiṣẹ́: ní gbangba, tí àlàfo bá di ìlọ́po méjì, decibel 6 ló máa dín. Nítorí náà, ẹ ní kí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì wà ní ìpẹ̀kun kejì, kí ọ́fíìsì wà lápá ọ̀dọ̀ yín.

Èéfín ńkọ́?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yìí ṣàwàdà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ka èéfín dísẹ́ẹ̀lì mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n èéfín ju èéfín lọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007 ló mú kí wọ́n máa fi asẹ́ sí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tuntun, kó máa gba èérí dúdú náà kó tó jáde. Nítorí náà, ẹ bèèrè ọdún tí wọ́n ṣe àwọn bọ́ọ̀sì náà. Ẹ tún bèèrè iye ìṣẹ́jú tí ẹ́ńjìnnì á fi máa ṣiṣẹ́ lójú kan. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ gbà pé ó gbọ́dọ̀ gbóná fún ìdajì wákàtí; ẹ́ńjìnnì òde òní kì í sábà nílò ju ìṣẹ́jú 3 sí 5 lọ. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì oníná ni wọ́n ní, ọ̀rọ̀ èéfín ti parí.

Ṣé ọkọ̀ kò ní dí ọ̀nà wa?

Ẹ jẹ́ ká kà á. Bọ́ọ̀sì á jáde láàárọ̀, á padà, á jáde lọ́sàn-án, á padà. Ogójì wọn á kọjá nígbà 160 lójúmọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń dákẹ́ ìṣirò, wọ́n gbàgbé pé awakọ̀ kì í sùn sí gáréèjì. Tí kálukú bá gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá, tó lọ sílé láàárín ọjọ́, tó tún padà, tó sì relé nírọ̀lẹ́, ìgbà 160 mìíràn nìyẹn.

Kí ló dé tí wọn kò kọ́ ọ sẹ́yìn ìlú?

Owó epo. Tí wọ́n bá sún un síwájú ní kìlómítà 5, bọ́ọ̀sì 40 á máa rin kìlómítà 5 yẹn lófìfo nígbà mẹ́rin lójúmọ́. Tí ọjọ́ iléèwé bá jẹ́ 180, kìlómítà 144,000 nìyẹn lọ́dún. Èmi ò bá wọn wí lórí èyí.

Wọ́n ti ṣèlérí fún wa ní ìpàdé. Ṣé kò tó?

Ọ̀gá tó ṣèlérí lè fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀. Kí aago ìjáde, ìṣẹ́jú ẹ́ńjìnnì, ògiri àti iye bọ́ọ̀sì wọ inú ìwé àṣẹ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tí èèyàn máa gbé ní aago márùn-ún ìdájí.

Kí ni kí n ṣe kí ìpàdé tó kàn tó dé?

Ẹ wá gáréèjì bọ́ọ̀sì iléèwé tó ti wà tẹ́lẹ̀, tí tirẹ̀ náà tó 40. Ẹ lọ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ dúró síbi tó jìnnà tó bí fèrèsé yín ṣe máa jìnnà sí tuntun, kí ẹ pa fóònù, kí ẹ tẹ́tí. Tí ẹ bá rí ẹni tó ń gbálẹ̀ iwájú ilé nítòsí, ẹ kí i, kí ẹ bi í bóun ṣe ń sùn.