Lẹ́tà Tó Gbọ́dọ̀ Ṣáájú Dígà

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ kíkọ́ ilé ìgbàlejò, níbi tí wọ́n á ti máa gba àwọn tó wá wo igbó, sí Igbó Ọ̀ṣun bá ti délẹ̀ ní Òṣogbo, gbólóhùn kan náà ló máa ń parí àríyànjiyàn: "UNESCO ò ní gbà." Gbólóhùn yìí kò tọ̀nà, ó sì ń ṣèpalára, torí ó ń jẹ́ kí aráàlú káwọ́ lẹ́rán. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ àti àṣà, kò ní ọlọ́pàá, kò sì ni ilẹ̀ kankan níbẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà ló sọ gbogbo hẹ́kítà 75 igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1992, ọdún 13 kí ó tó wọ ìwé àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO ní 2005. Àfonífojì odò Elbe ní ìlú Dresden, ní Jámánì, wọ ìwé yẹn ní 2004, ìlú náà taku pé afárá ni àwọn máa kọ́, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ ní 2009. Afárá ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Lẹ́tà ni agbára tó wà nínú ètò àjogúnbá àgbáyé náà. Ìpínrọ̀ 172 nínú ìlànà rẹ̀ rọ orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ kọ́ nǹkan ńlá tó lè kan iyì irú ibi bẹ́ẹ̀ pé kó fi tó ìgbìmọ̀ àjogúnbá àgbáyé létí ní kùtùkùtù, kí wọ́n tó ṣe ìpinnu tó máa ṣòro láti yí padà.

Ẹni tó bá gbé agboolé rí mọ ọgbọ́n tó wà nínú "kùtùkùtù" yẹn. Bí ọmọ ẹbí kan bá fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ ẹbí, tó sì pe baálé àtàwọn obìnrin ilé nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta okùn, ọ̀rọ̀ ṣì rọrùn. Wọ́n á ní, "Sún sẹ́yìn, ojú oórì bàbá wa nìyẹn." Èèkàn mẹ́rin péré ló máa fà tu. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé ó ti da dẹ́kìn kí wọ́n tó gbọ́, ìpàdé ẹbí ti di ìpàdé ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan á ní kí wọ́n wó o, àwọn kan á ní owó ti wọlé ná, àwọn mìíràn á ti máa bèèrè ṣọ́ọ̀bù tó máa kàn wọ́n. Bàbá tó wà nínú oórì kò sì lè sọ̀rọ̀.

Àyẹ̀wò tó yẹ kó tẹ̀ lé lẹ́tà náà kì í ṣe ti bóyá ilé ọ̀hún rẹwà. Ẹ dúró létí odò, nídìí ojúbọ tí arugbá máa ń gbé igbá dé ní oṣù Kẹjọ. Ṣé òrùlé á yọ láàárín igi? Ṣé jẹnẹrétọ̀ á bo ohùn omi? Bí òjò bá rọ̀, ibo ni omi ilé ìyàgbẹ́ máa gbà? Gbígbé ilé náà kọjá ààlà igbó kò mú àwọn ìbéèrè yìí kúrò: hẹ́kítà 47 mìíràn ló yí igbó ká bí ilẹ̀ ìdáàbòbò. Odò alára ti fi hàn wá. Ìgèdè-Èkìtì ló ti ń ṣàn bọ̀, àwọn awakùsà wúrà tó wà lókè odò sì sọ omi rẹ̀ di pípọ́n láìfi ẹsẹ̀ tẹ igbó.

Ilé ìgbàlejò kì í ṣe ọ̀tá o. Ti Stonehenge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣí ní 2013, fi bíi kìlómítà 2.4 jìnnà sí àwọn òkúta náà. Bọ́ọ̀sì ló ń gbé àlejò dé ọ̀hún.

Àléébù ètò yìí kò kéré: ìjọba tó fẹ́ kọ́lé, tàbí tó fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé láṣẹ, náà ni wọ́n ní kó kọ lẹ́tà. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ 174 ṣí ilẹ̀kùn kan tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Bí ìròyìn pé ibẹ̀ ń bàjẹ́ bá ti ọwọ́ ẹlòmíràn dé ọ́fíìsì wọn ní Páríìsì, wọ́n á wádìí rẹ̀, wọ́n á sì ní kí ìjọba wá fèsì. Olórìṣà lè kọ ọ́, àwọn ará àdúgbò náà lè kọ ọ́, kí wọ́n sì fi fọ́tò ibi tí wọ́n ta okùn sí há a.